Orin tí a kò mọ Ìdí Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ọmọdé àti Àgbà ní Fẹ́sítáàkì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó dá òwe yìí sílẹ̀ kò sọ pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣáà ti yá ni yóò jó ìlù náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ẹni tí ó bá ń bínú sí ìlù ni yóò mọ ohun tí ìlù ń wí. Ọgbọ́n àti òye ni ó béèrè. Òwe yìí ni ó yẹ kí á gbé síwájú nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ orin róòkì, orin òyìnbó onílù líle àti jìtá oníná, bá dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn òbí wọn ní Fẹ́sítáàkì, ní Satellite Town àti ní gbogbo agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin.

Ìjà náà kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ a máa kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó sọ ohun tí orin ọ̀hún ń wí, yóò ní ìlù rẹ̀ ni ó dùn mọ́ òun. Bàbá a máa gbọ́ ariwo jìtá láti inú yàrá, yóò kígbe pé orin ẹ̀mí àìmọ́ ni, kí ọmọ pa á kíákíá. Bí a bá sì ní kí òun náà tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan tí kò dára nínú rẹ̀, kò ní rí ọ̀kan sọ. Ọmọ ń jó ohun tí kò mọ̀, bàbá ń bá ohun tí kò gbọ́ jà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ sí ìlù àgídìgbo. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà tú orin tirẹ̀ tó láti fi tú orin àjèjì. Bí a bá sì jẹ́ kí ọ̀nà náà parun, kì í ṣe orin òyìnbó nìkan ni kò ní yé àwọn ọmọ mọ́. Òwe àti àṣamọ̀ àwọn baba wọn pàápàá yóò di ariwo lásán ní etí wọn.

Bí ìlú kan bá wà tí kò yẹ kí irú àìgbọ́ra-ẹni-yé bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, Fẹ́sítáàkì ni. Orin àti àṣà ni a torí wọn kọ́ ọ. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977 ni àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50 péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún ńlá ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Abúlé tí ìjọba kọ́ sí ẹ̀bá òpópónà Bàdágìrì láti gba àwọn àlejò náà ni ó di ìlú tí a mọ̀ sí Fẹ́sítáàkì lónìí. Lẹ́yìn àjọ̀dún ni a pín àwọn ilé rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Stevie Wonder wá láti Amẹ́ríkà, Gilberto Gil wá láti Brazil. Ẹni tí ó bá ń gbé inú ìlú yìí, ìlú tí a tẹ̀ dó fún àwọn olórin ni ó ń gbé.

Kí àjọ̀dún náà tó dé rárá ni orin róòkì ti wọ Èkó. Ní ọdún 1973 ni Ginger Baker, onílù ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà. Ní ọdún kan náà ni Paul McCartney, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles tẹ́lẹ̀, wá gba orin sílẹ̀ ní Àpápá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1973 yẹn náà ni ẹgbẹ́ BLO àti ẹgbẹ́ Ofege gbé àwo orin róòkì jáde, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's College sì ni àwọn ọmọ Ofege nígbà náà. Nítorí ìdí èyí, ẹni tí ó bá ní àlejò àná ni orin róòkì kò mọ ìtàn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń jó orin wọ̀nyí nígbà náà ti di bàbá àgbà lónìí. Bóyá àwọn kan nínú wọn gan-an ni ó ń pàṣẹ fún ọmọ-ọmọ pé kí ó pa orin.

Báwo wá ni Yorùbá ṣe ń tú orin? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú orin ni àgbà kọ́kọ́ ń wò. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó ń bi orin. Ta ni ó ń kọ ọ́? Ta ni ó ń fi í bá wí? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ kí orin náà tó jáde? Ẹ wo ìyàwó ilé tí ó ń lọ ata lórí ọlọ, tí ó sì ń kọrin nípa adìyẹ tí kì í yé ẹyin ṣùgbọ́n tí ó mọ ẹyin ẹlẹ́yin í jẹ. Àlejò tí ó bá wọlé lákòókò náà yóò rò pé ọ̀rọ̀ adìyẹ ni. Ṣùgbọ́n orogún rẹ̀ tí ó wà nínú yàrá kejì ti mọ̀ pé òun ni à ń bá wí, nítorí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ àná. Etí àwọn méjèèjì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni orin yé.

Bákan náà ni ti Ẹ̀fẹ̀, tí ń jáde ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa. Ẹ̀fẹ̀ a máa bá olè wí, a máa bá alágbèrè wí, a sì máa bá aláṣẹ tí ń fi agbára jẹ ènìyàn níyà wí, lọ́pọ̀ ìgbà láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ìlú a bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ ẹni tí ọfà náà bà. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé, tí ó sì gbé e lọ sí ìlú mìíràn láìbéèrè ìtàn tí ó wà nídìí rẹ̀, èèpo ni ó gbé lọ, ó fi ẹ̀pà sílẹ̀. Ẹni tí kò sì gbé Abẹ́òkúta nígbà ayé Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí ó kú ní ọdún 1980, lè mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú àwo rẹ̀ sórí kí ó má mọ ẹni tí ó fi ń ṣe òwe nínú wọn.

Àpẹẹrẹ tí kò ṣeé gbàgbé wáyé ní Èkó ní àkókò àjọ̀dún ọdún 1977 náà gan-an. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ti gbé orin Zombie jáde ní ọdún 1976. Afrobeat ni Fẹlá pe orin rẹ̀, kì í ṣe róòkì. Ṣùgbọ́n ìbátan ni àwọn méjèèjì, Ginger Baker onílù pàápàá ti bá Fẹlá ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ènìyàn bá wo ojú ọ̀rọ̀ nìkan, ìtàn ẹ̀dá kan ni, ẹ̀dá tí kò ní ìfẹ́ inú ti ara rẹ̀, tí àṣẹ ẹlòmíràn ń gbé kiri. Ó tó ohun tí ọmọdé lè fi ṣeré. Ṣùgbọ́n kí á bi orin náà ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó kọ ọ́? Ẹni tí àwọn agbófinró ti mú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ta ni ó fi bá wí? Ológun. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀? Láti ọdún 1966 ni ìjọba ológun ti wà lórí oyè, ṣọ́jà sì ń na ará ìlú ní ìgboro.

Níhìn-ín ni ìmọ̀ Yorùbá ti wúlò púpọ̀. Ẹni tí ó bá yára jù yóò ní akúdàáyà ni zombie. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akúdàáyà kú ní ìlú kan, ó lọ sí ìlú mìíràn, ó ṣòwò, ó láya, ó bímọ. Ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, àyàfi ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá yọ sí i ni yóò pòórá. Ṣùgbọ́n zombie, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn dúdú Haiti ti ń sọ ìtàn rẹ̀, òkú tí a jí dìde ni, kí ó lè máa sin ẹni tí ó jí i. Ó ń rìn, kò ní ọkàn. Ẹrú tí ikú pàápàá kò tú sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ni yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Kì í ṣe pé Fẹlá pe ológun ní ènìyàn burúkú. Ohun tí ó sọ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé a ti gba ọkàn onítọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀.

Orin kì í ṣòro láti yé ẹni tí ó bá wí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́jà ya bo ilé Fẹlá tí ó ń pè ní Kalakuta. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní ọdún 1978. Òótọ́ ni pé orin nìkan kọ́ ni ó fa ìjà náà. Fẹlá ti kọ̀ láti bá wọn ṣe àjọ̀dún, ó sì ń bú ìjọba ní ojúde orin rẹ̀ lójú àwọn àlejò. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè yọ orin náà kúrò nínú ọ̀ràn. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́tipẹ́ pé orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ orin kò jẹ́ nǹkan kan, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ eérú ilé náà.

Ìbéèrè mẹ́ta kan náà a máa ṣí ilẹ̀kùn orin òyìnbó. Ní oṣù Kejì ọdún 1977 yẹn ni ẹgbẹ́ Eagles ti Amẹ́ríkà gbé orin Hotel California jáde lórí àwo kékeré. Orin náà tàn ká ayé, àwọn kan sì ń sọ títí di òní pé ilé àwọn tí ń bọ ẹ̀mí òkùnkùn ni ó ń ròyìn. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ ọ́? Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó di olówó àti olókìkí ní Los Angeles. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Wọ́n rí ayé fàájì tí kò mọ ìwọ̀n, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ kì í rọrùn fún un láti jáde. Don Henley, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá orin náà, ti ṣàlàyé irú rẹ̀ léraléra. Àgbà Yorùbá tí ó bá gbọ́ àlàyé yìí kò ní wá ẹ̀mí òkùnkùn kiri mọ́. Yóò rántí àlọ́ ìjàpá tí ojúkòkòrò gbé wọ ibi tí kò mọ ọ̀nà àbájáde rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orin Born in the U.S.A. tí Bruce Springsteen gbé jáde ní ọdún 1984. Ìlù rẹ̀ dún bí ìlù ìṣẹ́gun, orúkọ orílẹ̀-èdè sì ni wọ́n fi ń gbè é, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á bí orin ìyìn fún Amẹ́ríkà. Ààrẹ Reagan dárúkọ olórin náà níbi ìpolongo ìbò rẹ̀ lọ́dún yẹn, ó ní ìrètí wà nínú orin rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè pé ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú orin ọ̀hún yóò rí i pé ọmọ ogun kan ni, tí ó ti ogun Vietnam dé tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Ìlù ijó ni a fi bo ẹkún mọ́lẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, tí ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá ń wá òwe kiri níbi gbogbo lè sọ ọ̀rọ̀ lásán di òwe. Nígbà tí ẹgbẹ́ Beatles gbé Lucy in the Sky with Diamonds jáde ní ọdún 1967, àwọn ènìyàn ní orúkọ oògùn olóró ni wọ́n fi pamọ́ sínú àwọn lẹ́tà àkọlé rẹ̀. John Lennon ní rárá o, àwòrán tí Julian ọmọ òun yà ni òun ti mú orúkọ náà. Ní ọdún 1990, ní ìlú Reno ní Amẹ́ríkà, wọ́n pe ẹgbẹ́ Judas Priest lẹ́jọ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sínú orin wọn ni ó mú kí ọ̀dọ́ méjì yìnbọn fún ara wọn. Adájọ́ dá ẹgbẹ́ náà láre. Ìbànújẹ́ àwọn òbí tóbi, kò sì sí abiyamọ tí kò ní bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá fẹ́ dá orin lẹ́bi, ọ̀rọ̀ tí etí gbọ́ ni kí ó mú wá, kì í ṣe èyí tí ìbẹ̀rù sọ fún un.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, olórin ni ó lẹ́bi, kì í ṣe olùgbọ́. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí ohùn orin bá lòdì sí ohùn ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ a dàrú. Nígbà tí àwọn ìjọ ìgbà àkọ́kọ́ fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó di nǹkan mìíràn lẹ́nu akọrin. Ẹkúndayọ̀ Phillips, atẹdùùrù Kàtídírà Christ Church ní Èkó, bá àṣìṣe yìí jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbé ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ orin róòkì lónìí yóò bá ìṣòro kan náà pàdé. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: jìtá kò mọ ìyàtọ̀ wọn, àfi bí ẹni tí ń ta á bá mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan yóò ní ìgbádùn ni orin wà fún, pé a kì í jókòó ṣe ẹjọ́ lórí ijó. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó mọ ọlọ́jà òde ìnáwó kan, ẹni tí onílù ń fi ìlù bú, tí òun sì ń jó, tí ó tún ń ná owó mọ́ onílù lórí. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọ òun di irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ìgbà tí orin ń bú u kò ní mọ ìgbà tí olóṣèlú ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án jẹ.

Ìtàn Gilberto Gil tí ó wá sí àjọ̀dún náà fi ohun tí à ń sọnù hàn. Nígbà tí ó rí àwọn ilé tí a kọ́ fún àwọn àlejò ní Èkó, ó rántí àwọn ilé tí ìjọba Brazil kọ́, tí wọ́n ń kó àwọn tálákà láti inú ahéré favela lọ sí. Láti inú ìrántí yìí ni ó ti dá orin Refavela, ó sì fi orúkọ náà sọ àwo tí ó gbé jáde ní ọdún 1977. Nínú àwo kan náà ni Babá Alapalá wà, orin ọmọ tí ń wá ìdí ìran rẹ̀ títí tí ó fi kan orúkọ Ṣàngó àti Aganjú. Ẹ̀yà orin ọ̀dọ́ ni, jìtá ni a ta sí i, èdè Potogí ni a fi kọ ọ́. Àwọn ọmọ Brazil ń kọ ọ́ kí wọ́n má baà gbàgbé ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ Fẹ́sítáàkì ni ó mọ̀ pé ilé ìlú wọn wà nínú ìtàn àwo orin náà? Àlejò gbọ́ ohùn Yorùbá láti òkèèrè. Onílé ń fẹ́ di adití nínú ilé.

Àtúnṣe kò jìnnà, iṣẹ́ àwọn olùkọ́ sì ni àkọ́kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì ní Fẹ́sítáàkì àti Satellite Town, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ẹ̀gùn àti àwọn mìíràn jọ ń jókòó ni. Kí olùkọ́ fún wọn ní wákàtí kan ní ìparí ọ̀sẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú orin tí ó fẹ́ràn wá, ìbáà jẹ́ róòkì, ìbáà jẹ́ jùjú. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta náà. Lẹ́yìn èyí, kí ó wá òwe tàbí àlọ́ kan tí ó bá ọ̀rọ̀ orin náà mu ní èdè ilé baba rẹ̀. Bí kò bá rí i, kí ó gbé orin náà lọ bá àgbà ilé. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí fún ọdún kan yóò mọ orin í gbọ́, yóò sì mọ òwe í pa.

Àgbà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó gbọ́ orin náà tán lẹ́ẹ̀kan kí ó tó dá a lẹ́jọ́. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó bá gbọ́ ọ tán tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ tàbí ìwà ipá ni ó kún inú rẹ̀, kí ó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo orin róòkì ni ó dára, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo orin Yorùbá ni ó dára. Ọmọ tí a fi ẹ̀rí bá wí yóò gbọ́. Ọmọ tí a fi ariwo bá wí yóò gbé fóònù alágbèéká rẹ̀, yóò ki okùn rẹ̀ bọ etí, yóò sì máa gbọ́ orin rẹ̀ lọ níbi tí bàbá kò ti lè bá a dá sí i.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Olórin, ìbáà jẹ́ ará Kétu, ará Èkó tàbí ará Amẹ́ríkà, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni òun náà ń sọ. Kí àwọn àgbà Fẹ́sítáàkì kọ́ àwọn ọmọ wọn bí a ti ń sọ ọ́ di odindi nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.